Ọjọ́ Ayé Ẹ̀fọn Kò Dọ́gba Níbi Gbogbo



Bí ibà bá dá àgbẹ̀ dúbúlẹ̀ ní àkókò iṣẹ́, igbó a bo iṣu rẹ̀, èrè ọdún náà a sì dínkù. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà náà kiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣẹ́gun rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí ó ti ń bí sí i àti bí ó ti ń pẹ́ láyé tó ní àgbègbè tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ooru àti òjò ti pọ̀, nǹkan bí ọjọ́ 10 ni ẹyin ẹ̀fọn fi ń di tanwíji, tí tanwíji sì fi ń di ẹ̀fọn tí ń fò. Ní orí àwọn òkè gíga ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí òtútù wà, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 3. Ní ilẹ̀ Mali, ní ẹ̀bá aṣálẹ̀, omi a máa gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, síbẹ̀ ẹ̀fọn kì í parun. Ní ọdún 2008, bí òjò ti ń parí lọ, àwọn onímọ̀ fi àmì sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀fọn ní abúlé Thierola. Lẹ́yìn oṣù 7, wọ́n tún rí ọ̀kan nínú wọn mú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀fọn àkókò òjò kì í sábà lò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣe:

1. Ẹ máa da omi inú agolo, táyà àti èèpo kòkó nù ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí tanwíji tó hu ìyẹ́.

2. Ẹ máa fi kànrìnkàn fọ inú àmù dáradára. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú a máa lẹ ẹyin mọ́ ara ìkòkò. Ẹyin náà lè wà ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀, kí ó sì pa nígbà tí omi bá kàn án.

3. Ẹ máa sùn lábẹ́ àwọ̀n olóògùn ní alaalẹ́. Kòkòrò ibà a máa lò tó ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀fọn kí ó tó lè ran ènìyàn. Ẹ̀fọn tí ó bá kú ní kékeré kò lè ran ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀fọn kò mọ ààlà ilé. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí gbogbo agboolé yóò jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí.