Ìdí Tí Orúkọ Ọlá Fi Pòórá Lórí Kọ̀ǹpútà Mi

Tíṣà wa ní kí n kọ nǹkan nípa iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo fi ń dààmú gbogbo ará ilé wa. Mo gbà, àmọ́ ẹ̀bi tèmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ.

Nígbà ayẹyẹ ìparí ọdún, èmi ni wọ́n ní kí n fi kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ àwọn ọmọ sórí ìwé ẹ̀rí. Lálẹ́ Fúráìdè, màmá mi wo àwọn ìwé náà. John wà níbẹ̀, Grace wà níbẹ̀. Adé ti di "Ad". Títí ti di "T". Ti Ọlá àti Ṣadé, òfìfo ni. Màmá mi ní, "Ṣé ọmọ aláìlórúkọ lo fẹ́ kí wọ́n pè síwájú lọ́la ni?"

Ohun tí mo ń kọ́ ṣe ló kó bá mi. Kernel ni ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Fáìlì yòówù tí ẹ bá ṣí, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Lemọ́lemọ́ ló ń wọn gígùn ọ̀rọ̀, tó ń fi ọ̀rọ̀ méjì wéra, tó sì ń ṣe àdàkọ wọn. Iṣẹ́ kékeré ni, àmọ́ àìmọye ìgbà ló ń ṣe é, nítorí náà tí èèyàn bá dín àkókò rẹ̀ kù díẹ̀, ó máa hàn.

Ọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Báìtì ni ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òdo ló wà lópin. A lè kà á lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi kan òdo, ṣùgbọ́n processor 64-bit lè gbé báìtì 8 lẹ́ẹ̀kan. Ní 2012, Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ fi ọgbọ́n yìí sínú ibi tí kernel ti ń wá orúkọ fáìlì. Ẹ fojú inú wo báìtì kan bí iná kékeré 8 tó tò tẹ̀ léra. Yọ 1 kúrò nínú báìtì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jẹ́ òdo á di 255, iná òkè rẹ̀ á sì tàn. A ti rí òpin ọ̀rọ̀ nìyẹn!

Àmọ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni iná òkè rẹ̀ kì í tàn, torí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 128. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú fáìlì mi, "á" gba báìtì 2, "ọ" gba 3, tí a bá tún fi àmì sí i tó di "ọ̀", ó di 5, iná òkè gbogbo wọn ló sì ti ń tàn tẹ́lẹ̀. Torvalds fi ìgbésẹ̀ kan kún un: iná tó ti ń tàn kí a tó yọ 1, má kà á. Èmi rò pé àṣejù ni, mo yọ ọ́ kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo sì fi dán an wò. Ìwàǹwára jàre.

Irú processor tún ṣe pàtàkì. Láti orí Ivy Bridge ti Intel, ní 2012, àṣẹ kan ṣoṣo lè ṣe àdàkọ báìtì púpọ̀ kíákíá. Orúkọ rẹ̀ ni ERMS. Ní 2019, Ice Lake mú FSRM wá fún àdàkọ kúkúrú. Báwo ni kernel ṣe máa mọ èyí tó wà nínú ẹ̀rọ yín? Bí ẹ bá ṣe tan ẹ̀rọ, á bi processor léèrè ohun tó lè ṣe, á sì tún àwọn àṣẹ inú ara rẹ̀ kọ kó lè bá a mu, bíi télọ̀ tó wọn èèyàn kó tó gé aṣọ. Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá ń lo Linux, ẹ wo /proc/cpuinfo, ẹ wá "erms" àti "fsrm". Lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tèmi, erms nìkan ló wà.

Mo dá ìgbésẹ̀ tí mo yọ padà, mo sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ọlá gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, àmì orí "á" pé síbẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn tó bàjẹ́ ni màmá mi ṣì ń kọ ohun tó fẹ́ rà lọ́jà sí.