Èèpo àwo orin Fẹlá láti ọwọ́ Lemi Ghariokwu

Èèpo àwo orin Fẹlá láti ọwọ́ Lemi Ghariokwu ni àwọn iṣẹ́ ọnà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n (26) tí ayàwòrán Lemi Ghariokwu, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1955, ṣe fún àwọn àwo orin Fẹlá Aníkúlápó Kútì, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1974. Wọ́n wà lára àwọn àwòrán ìdánilárayá tí a mọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Fún ẹni tí kò gbọ́ èdè tí Fẹlá fi ń kọrin, èèpo ni ó kọ́kọ́ máa ń sọ ohun tí orin náà ń bá jà fún un.

Iṣẹ́ tí èèpo àwo ń ṣe

Èèpo àwo ńlá fẹ̀ tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti ní òòró. Ó ń dáàbò bo àwo lọ́wọ́ eruku, ṣùgbọ́n òun náà ni ojú tí ọjà fi ń pe oníbàárà, nítorí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ni a máa ń gbé e kọ́ sí, tí ẹni tó ń kọjá lọ yóò sì rí i kí ó tó gbọ́ orin. Fọ́tò olórin fúnra rẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù lójú èèpo àwọn olórin jùjú àti háíláìfù nígbà náà: ọ̀gá ẹgbẹ́ nínú aṣọ ńlá, gìtá tàbí fèrè lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn Àtọ́ka, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, tó sì ń fi fọ́tò àwọn òṣèré orí ìtàgé sọ ìtàn fún àwọn òǹkàwé Yorùbá, ti fi hàn pé àwòrán lè gbé ìtàn odindi. Ghariokwu gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ wá sórí èèpo àwo, àmọ́ ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ni ó fi ṣe púpọ̀ nínú tirẹ̀.

Ohun kan tún ràn án lọ́wọ́. Orin Fẹlá máa ń gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, débi pé orin kan péré lè gba odindi ojú kan àwo. Nígbà tí àwo kan kò ní ju orin kan tàbí méjì lọ, ayàwòrán lè mú ọ̀rọ̀ orin kan ṣoṣo, kí ó sì tú u palẹ̀ pátápátá.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ghariokwu kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ni. Lára àwọn tí ó ń wò kọ́ṣe ni Roger Dean, ará Ìlú Ọba tó ya èèpo àwo fún ẹgbẹ́ olórin Osibisa. Ní ọdún 1974, akọ̀ròyìn kan, Babatunde Harrison, rí àwòrán Bruce Lee tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà yà, èyí tí a gbé kọ́ sí ilé ọtí kan. Ó ní kí ó ya Fẹlá, ó sì mú un lọ bá Fẹlá. Inú Fẹlá dùn sí àwòrán náà, ó sì kọ sọ̀wédowó fún un, ṣùgbọ́n Ghariokwu kò gbà á. Àǹfààní àtimáa wọ ibi eré Fẹlá láìsan owó ni Fẹlá fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn èèpo náà kò fi jọ iṣẹ́ tí a gbé fún alágbàṣe kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a lọ jìnnà.

Alagbon Close

Alagbon Close (1974) ni àkọ́kọ́. Orúkọ àdúgbò tí ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà ní Ìkòyí ni, níbi tí wọ́n ti Fẹlá mọ́lé ní ọdún yẹn kan náà. Nínú àwòrán náà, Fẹlá ń jó, ṣẹkẹṣẹkẹ tó já ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀; àtìmọ́lé ti wó lẹ́yìn rẹ̀, ilé rẹ̀, Kalakuta, sì dúró digbí ní òdì kejì. Nínú omi, àbùùbùtán kan ń dojú ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá dé. Kò sí àbùùbùtán nínú ẹjọ́ Fẹlá o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo àwòrán náà yóò mọ ibi tí ayàwòrán fì sí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Fẹlá a máa kọ orin tuntun létí àwọn èrò ní Afrika Shrine fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó gbà á sílẹ̀ sínú àwo. Bí ó bá sì ti gbà á sílẹ̀ tán, kì í sábà kọ ọ́ ní gbangba mọ́. Ghariokwu ti ń gbọ́ orin náà láti ìgbà tí ó ṣì ń dàgbà, ó sì ti lóye rẹ̀ kí àwo tó jáde. Fẹlá kì í sábà sọ ohun tí yóò yà fún un. Ìdí nìyẹn tí èèpo kan fi lè sọ ju ohun tí ó wà nínú orin lọ.

Kalakuta Show (1976) ya ìkọlù àwọn ọlọ́pàá sí ilé Fẹlá. Yellow Fever (1976) bá àwọn tó ń bó ara wí: obìnrin kan tí awọ ara rẹ̀ ti di àbàwọ́n ni ó wà lójú èèpo. Àwòrán náà le, ó sì múná, àmọ́ orí obìnrin nìkan ni pàṣán rẹ̀ dà sí. Ẹni tó ń po ìpara náà tà kò sí níbẹ̀.

Fún Zombie, fọ́tò àwọn sọ́jà ni ó tò pọ̀ dípò ọ̀dà. Orin náà fi sọ́jà tó ń tẹ̀lé àṣẹ láìronú wé òkú tó ń rìn, fọ́tò gidi kò sì fún ẹnikẹ́ni láyè láti sọ pé ẹlòmíràn ni a ń bá wí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sọ́jà ya wọ Kalakuta, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n ju ìyá Fẹlá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Ó kú ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Beasts of No Nation, tó jáde ní ọdún 1989, fi ìwo sórí àwọn alágbára ayé: Reagan ti Amẹ́ríkà, Thatcher ti Ìlú Ọba, Botha ti Gúúsù Áfíríkà, pẹ̀lú Bùhárí àti Ìdíàgbọn ti Nàìjíríà.

Lẹ́yìn ìgbà àwo ńlá

Kásẹ́ẹ̀tì sọ ojú èèpo di ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò, síídì kò sì fi púpọ̀ jù ú. Ní ọdún 2003, àwọn èèpo náà wà nínú ìpàtẹ nípa Fẹlá ní New Museum ní ìlú New York. Lójú fóònù lónìí, èèpo Alagbon Close kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, kò sì rọrùn láti rí àbùùbùtán náà mọ́.