Ṣé O Mọ̀? Drill, Ìyáàlù àti Orin Tó Yẹ Ìbàdàn

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tó ṣì wà nílé ìwé girama ló ṣáájú orin tó sọ Kumasi ní Ghana di ìlú tí tọmọdé tàgbà ń dárúkọ nílé lóko? Ọdún 2020 ni Yaw Tog pe O'Kenneth, City Boy, Reggie àti Jay Bahd jọ, tí wọ́n gbé "Sore" jáde. Irú orin tí wọ́n ń pè ní drill ni wọ́n kọ, èdè Twi ni wọ́n fi kọ ọ́, ìgboro Kumasi ni wọ́n sì ti ya fídíò rẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 2021, Stormzy láti London ti dá sí i nínú ẹ̀dà kejì, Kwesi Arthur náà sì wà níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Chicago, ní Amẹ́ríkà, ni drill ti ṣẹ̀? Ọmọ ọdún 16 ni Chief Keef nígbà tó gbé "I Don't Like" jáde lọ́dún 2012. Láti ibẹ̀ ló ti ré òkun dé Brixton ní London, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì tún ìlù rẹ̀ ṣe. Nígbà tí Pop Smoke ọmọ Brooklyn máa kọ "Welcome to the Party" lọ́dún 2019, ọmọ London kan, 808Melo, ló ṣe bíìtì rẹ̀ fún un.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà wà nínú drill àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní lórí àtẹ orin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? "Body" ni orin náà, oṣù karùn-ún ọdún 2021 ló sì gba ipò ọ̀hún. Russ Millions àti Tion Wayne ló kọ ọ́. Ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí Tion Wayne.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti tìtorí drill dájọ́ ẹ̀wọ̀n? Lọ́dún 2018, YouTube yọ fídíò drill tó lé ní 30 kúrò nítorí ẹ̀bẹ̀ àwọn ọlọ́pàá London. Nígbà tó di ọdún 2019, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n fún àwọn olórin drill Skengdo àti AM, ẹ̀wọ̀n tí wọn ò ní lọ àyàfi tí wọ́n bá tún ṣẹ̀, torí pé wọ́n kọ orin kan níwájú èrò lẹ́yìn tí àṣẹ ti jáde pé kí wọ́n má kọ ọ́. Ẹ̀rù kí àwọn ọ̀dọ́ má fi ọ̀bẹ gún ara wọn ló ń ba ìjọba. Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n máa fi òfin di olórin lẹ́nu, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé orin ẹ̀jẹ̀ wá sí Ìbàdàn. Ìlù la fẹ́, a ò fẹ́ ìjà.

Ìlù ọ̀hún gan-an ni mo sì fẹ́ kó o fetí sí. Ṣé o mọ̀ pé orúkọ 808 wá láti ara ẹ̀rọ ìlù tí iléeṣẹ́ Roland ṣe ní Japan lọ́dún 1980? Nínú drill, ohùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 808 yìí kì í dúró lójú kan. Á yọ̀ láti òkè wá sílẹ̀, á tún rá gòkè padà, láìdánudúró. Níbo lo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí? Wo oníìyáàlù lóde àríyá: ó fún ọsán ìlù mọ́ra, ohùn gòkè, ó dẹ̀ ẹ́, ohùn sọ̀kalẹ̀. Gúdúgúdú ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sinmi. Ohun tí àwọn ọmọ London ń fi kọ̀ǹpútà wá, àwọn ọmọ Àyàn ti ń fi apá ṣe é kí bàbá wọn àgbà tó dáyé.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí drill fi bá Yorùbá lára mu ju ọ̀pọ̀ orin òkèèrè lọ? Sísọ ni wọ́n ń sọ ọ́. Tí a bá fi ipá ti ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin àjèjì, àmì ohùn á dàrú, ìtumọ̀ á sì sọnù. Drill kì í fipá mú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Dúró níbi tí àwọn takisí Micra ti ń kó èrò, kó o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe àdúgbò. Mọ́kọ́lá: òkè ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Dùgbẹ̀: ìsàlẹ̀ méjèèjì. Bódìjà: ó ti òkè já sílẹ̀. Agbowó: ó rọra rìn ní àárín, ó wá fò sókè nígbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní 808 lọ́wọ́ lè pe àdúgbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìlanu.

Ṣé o mọ̀ pé kíkọ orin nípa Ìbàdàn kò bẹ̀rẹ̀ lónìí? Dáúdà Epo-Àkàrà fi orin Awúrebe gbé ìlú yìí ga. Ewì J. P. Clark tó ń jẹ́ "Ibadan" kò ju ìlà márùn-ún lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ̀ ọ́n sórí. Qdot àti Olamide náà jọ kọ "Ibadan". Àwọn ọmọ tó ń fi orin wéré jí èèyàn fún sààrì nígbà àwẹ̀, ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ ni wọ́n ń rìn, àdúgbò-àdúgbò ni wọ́n sì ń bá ara wọn figa gbága. Báyìí náà ni drill.

Ṣé o sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ drill Ìbàdàn?

Challenge àti Ring Road: nítòsí wọn, ní pápá ìṣeré Liberty, ni Dick Tiger ti lu Gene Fullmer ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1963, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ipò àgbáyé nílẹ̀ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú. Dùgbẹ̀: Ilé Kòkó alájà 26 tí wọ́n ṣí lọ́dún 1965, tí iná jó lọ́dún 1985, tí wọ́n sì tún ṣe. Bódìjà: àwọn ilé gbígbé tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kọ́, tí wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọdún 1959, ọdún tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú yìí kan náà.

Agbowó ńkọ́? Iwájú Yunifásítì Ìbàdàn ló wà, yàrá àwọn ọmọ ilé ìwé ló sì ń di sítúdíò. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi dí fèrèsé. Wọ́n ká wáyà ìfaṣọkọ́ sí róbótó, wọ́n na ìbọ̀sẹ̀ obìnrin bò ó, kí èémí má bàa gbá máíkì. Bí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì bá ń ké, wọ́n á dúró dìgbà tí wọ́n bá pa á.

Ẹ̀yin ọmọ inú yàrá wọ̀nyẹn, ẹ pe ara yín jọ. Kí ọmọ Agbowó mú ẹsẹ tirẹ̀ wá, kí ti Bódìjà, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge mú tiwọn. Ẹ wá oníìyáàlù kan mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò Ìbàdàn, tí orin náà bá dé ọwọ́ yín, ẹ gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de London.