Ẹni Tí Ń Fi Ẹ̀rọ Wo Iṣẹ́ Ọpọlọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ iṣẹ́ dókítà, ẹ sì mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ mọ àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò àti àwọn tí ń ya àwòrán egungun. Òṣìṣẹ́ kan tún wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Òun ni ó ń fi ẹ̀rọ wo bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Tẹkiníṣíàn ọpọlọ ni a ó máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí. Èmi náà kò mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà títí ọ̀rọ̀ ọmọ kan ní kíláàsì mi fi gbé mi débẹ̀.

Mowe ni mo ti ń kọ́ni. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn yóò kọ́kọ́ kan Ibafo, lẹ́yìn náà yóò kan Mowe. Ọ̀fàdà, ìlú tí ìrẹsì Ọ̀fàdà ti gba orúkọ, kò jìnnà sí wa rárá. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin tí mò ń kọ́. Ọmọ ọdún 9 ni, Ibafo ni òun àti ìyá rẹ̀ sì ń gbé. Ọmọ náà mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kàwé sókè, yóò ṣàdédé dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Yóò la ojú sílẹ̀, yóò máa wo ọ̀kánkán, ìpéǹpéjú rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Bí a bá pè é, kò ní dáhùn. Kí a tó ka 1 dé 10 tán, yóò tún máa kàwé rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Alálàá Ọ̀sán. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi náà rò pé àìfetísílẹ̀ ni. Mo ní kí ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì nà án lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa ni ó pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ má na ọmọ yìí mọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbé e lọ rí dókítà.” Dókítà tí ó kọ́kọ́ wò ó kọ lẹ́tà fún wọn pé kí wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta, kí wọ́n lọ fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ rẹ̀. Ìyá ọmọ náà wá bá mi ní ilé-ìwé, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń rí i jù.” Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wọ ọkọ̀ ní Mowe lọ́jọ́ náà, a gba Ṣàgámù, a sì yà sí ọ̀nà Abẹ́òkúta.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé iná mànàmáná wà nínú orí olúkúlùkù wa. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ó para pọ̀ di ọpọlọ lé ní bílíọ̀nù 80. Iná kékeré ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni o fi ń rántí orúkọ rẹ, tí o fi ń gbé ẹsẹ̀, tí o sì fi ń ka ìwé yìí. Iná náà kéré jọjọ. Agbára bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ fóltì kan ààbọ̀. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 30,000, ìpín kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni ó tó ohun tí ẹ̀rọ ń gbà láti orí ènìyàn.

Ọkùnrin ará Jámánì kan, Hans Berger, ni ó kọ́kọ́ gba àmì iná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀, ní ìlú Jena, ní ọdún 1924. Ó di ọdún 1929 kí ó tó kọ ọ́ jáde fún aráyé kà. Ọ̀pọ̀ dókítà ni kò gbà á gbọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ méjì ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dán an wò ní ọdún 1934 tí wọ́n sì rí ohun kan náà, ni àwọn ènìyàn tó gbà pé òótọ́ ni. EEG ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Abẹ́òkúta. Tẹkiníṣíàn tí a bá níbẹ̀ jẹ́ bàbá kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Ifo ni ó ń gbé, láràárọ̀ ni ó sì ń wọ ọkọ̀ gba Papalanto àti Itori kọjá wá sí ibi iṣẹ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ wò ni irun ọmọ náà. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n tú irun rẹ̀, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n má sì fi òróró tàbí ìpara kankan sí i, nítorí pé òróró kì í jẹ́ kí iná kékeré náà kọjá dáadáa. Wọ́n tún ní kí ọmọ náà pẹ́ kí ó tó sùn lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú.

Lẹ́yìn èyí, ó mú okùn ìwọ̀n tí àwọn télọ̀ ń lò. Ó wọn orí ọmọ náà láti ibi tí imú ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ojú méjèèjì títí dé egungun tí ó yọ ní ìpàkọ́. Ó tún wọ̀n ọ́n láti etí kan dé èkejì. Ó pín gbogbo rẹ̀ sí ìdá 10 àti ìdá 20 nínú 100, ó sì ń fi pẹ́ńsù sàmì sí awọ orí. Ètò ìwọ̀n yìí ti wà láti ọdún 1958. Orí ọmọdé kì í ṣe ẹgbẹ́ orí àgbà, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìdá wọ̀n ọ́n, dókítà tó wà ní Ìbàdàn àti èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò mọ ibi kan náà lórí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó wọ̀n ọ́n tán, ó fi ìpara kan tí ó nípọn lẹ àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké mọ́ ojú àmì náà, 21 ni gbogbo wọn, wáyà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà. Ó béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé iná yẹn máa gbé mi?”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Rárá o, ọmọ mi. Ẹ̀rọ yìí kò ní fi iná kankan sí ọ lára. Iná tìrẹ ni ó fẹ́ gbà.”

Ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú kọ̀ǹpútà, ìlà lórí ìlà. Nígbà tí ọmọ náà pa ojú dé, àwọn ìlà tí ó wá láti ẹ̀yìn orí ń ru ní ìwọ̀n ìgbà 9 tàbí 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó ti la ojú, wọ́n rọlẹ̀. Bàbá náà kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ṣẹ́jú, yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá gbé itọ́ mì tàbí tí ó wúkọ́, yóò kọ ìyẹn náà. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iná ọpọlọ àti iná tí iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń mú wá nígbà tí ènìyàn bá ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Kódà, iná tí ó wà nínú wáyà ilé lè wọ inú ìlà náà kí ó sì da gbogbo rẹ̀ rú. Bí tẹkiníṣíàn bá ṣe àìbìkítà, dókítà lè rò pé àìsàn wà níbi tí kò sí. Mo wá mọ̀ pé sùúrù ni ìdajì iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí ìyá ọmọ. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ǹjẹ́ ọmọ yìí ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde?” Ìyá rẹ̀ ní rárá, ó sì fi ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ hàn án. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ohun tí ó kù láti ṣe lè pa ẹni tí ó ní àrùn náà lára. Ó mú bébà pélébé kan wá síwájú ọmọ náà, ó ní kí ó máa mí kanlẹ̀, kí ó máa fẹ́ bébà náà láìdúró fún ìṣẹ́jú 3.

Kò tíì tó ìṣẹ́jú 2 tí bébà náà dúró. Ọmọ náà ti la ojú sílẹ̀, ó ń wo ọ̀kánkán, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe ní kíláàsì mi gan-an. Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo ìlà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà: ṣóńṣó kan, ìgbì ńlá kan, ṣóńṣó kan, ìgbì ńlá kan, ìgbà 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bàbá náà rọra sọ létí rẹ̀ pé, “Ọsàn.” Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, àwọn ìlà náà rọlẹ̀, ọmọ náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ bébà.

“Kí ni mo sọ fún ọ lẹ́ẹ̀kan?”

“Ẹ ò sọ nǹkan kan, sà.”

Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ìyá rẹ̀ béèrè ohun tí ẹ̀rọ rí. Bàbá náà kò sọ. Ó ní iṣẹ́ tòun ni láti gbà á sílẹ̀ bí ó ti rí, dókítà ni yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí dókítà wò ó tán, tí ó sì ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo rí ní kíláàsì, ó ní irú wárápá kan ni, èyí tí ó máa ń ṣe ọmọdé, tí oògùn sì ń kápá rẹ̀ dáadáa. Ìyá ọmọ náà ké. Ó ní, “Wárápá kẹ̀? Ọmọ mi kò ṣubú rí!”

Ẹ ò rí i, èyí tí ènìyàn ń ṣubú, tí ara ń gbọ̀n, tí itọ́ ń hó lẹ́nu, ni gbogbo wa mọ̀. Òun náà, iná ọpọlọ tí ó ru sókè lójijì ni ó fà á. Àwọn ènìyàn a máa sá, wọ́n á ní ẹni tí ó bá fara kan itọ́ náà yóò kó àrùn. Irọ́ ni. Kò sí wárápá nínú itọ́. Bí ó bá ṣe ọ̀rẹ́ rẹ, mú ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí o sì pe àgbàlagbà. Má ṣe fi ṣíbí tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ. Àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù ṣe, tí àwọn kan ń fún ọmọ mu, ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ wa.

Àrùn náà kò ṣọ̀wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn yẹ àwọn ará Igbó-Ọrà tí ó lé ní 18,000 wò, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 1987 pé bí ènìyàn 5 nínú 1,000 ni ó ní in. Ní UCH Ìbàdàn yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odékù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962.

Bàbá ará Ifo náà sọ fún mi pé ìgbà bébà ni òun bá iṣẹ́ yìí. Kálàmù inú ẹ̀rọ ń kọ ìlà, bébà sì ń sáré lábẹ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú 20 ń jẹ bébà tí ó gùn tó mítà 36, ó ju kíláàsì 3 tí a tò tẹ̀lé ara wọn lọ. Ó tún sọ pé nígbà mìíràn ẹ̀rọ kì í rí nǹkan kan lọ́jọ́ àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ àrùn náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó rí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan wà tí iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ wọ̀nyí ní láti mọ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kí ó sì lè bá ọmọ tí ẹ̀rù ń bà sọ̀rọ̀.

Ọmọ náà ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ìdákẹ́ lójijì náà ń dín kù, títí tí n kò fi rí i mọ́. Ní ọjọ́ tí ó padà sí kíláàsì, mo dúró níwájú gbogbo wọn, mo sọ ohun tí ẹ̀rọ náà fi hàn, mo sì bẹ̀ ẹ́. Kò mọ ohun tí yóò sọ. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ṣé kí n kà á láti ibi tí a dé?”