Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìlú Ṣe Kí Àlejò Tó Dé: Ẹ̀kọ́ Láti Ìkẹjà àti Agége

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ni ó ní òkè, odò, igbó tàbí ààfin tí ó yẹ kí àwọn àlejò wá wò. Nígbà tí àwọn ará ìlú bá gbọ́ pé owó wà nínú ìrìn-àjò afẹ́, èyí ni pé kí ènìyàn fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ wo ibòmíràn fún ìgbádùn tàbí fún ẹ̀kọ́, wọn a sáré yọ ilẹ̀ sọ́tọ̀, wọn a sì bẹ Ìjọba pé kí ó wá kọ́ ilé ìtura sí i. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a bá ti gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kì í tètè padà di oko mọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ bí a ti í ṣètò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí a tó dáwọ́ lé e.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìkẹjà àti Agége. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá-ńlá. Ojú-irin tí ó gba Agége kọjá lọ sí Ìbàdàn kò jìnnà sí ibẹ̀, pápá ọkọ̀ òfuurufú sì wà nítòsí. Ilẹ̀ tí a bá yà sọ́tọ̀ báyìí ni ilẹ̀ tí a la ọ̀nà sí, tí a sì fa omi àti iná dé, kí àwọn oníléeṣẹ́ lè rí ibi jókòó sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rí oúnjẹ òòjọ́ wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ náà ni ó dúró pẹ́. Dunlop, tí ó ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró ní ọdún 2008. Èyí fi hàn pé kò yẹ kí ìlú gbójú lé ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ní Ìkẹjà kan náà, ọ̀nà mìíràn ti là. Olóògbé Fẹlá Aníkúlápò-Kútì, gbajúgbajà olórin, kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, a sì sin ín sí iwájú ilé rẹ̀ ní òpópó Gbémisọ́lá. Ní ọdún 1998, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Yẹni, dá àjọ̀dún Felabration sílẹ̀ ní ìrántí rẹ̀. Ní ọdún 2000, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí New Afrika Shrine ní Agídíngbí. Ní ọdún 2012, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, a sọ ilé olóògbé náà di ilé àkójọ ohun ìrántí. Àwọn àlejò ń wọ ibẹ̀ láti wo iyàrá rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti bàtà rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2018, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Emmanuel Macron, pàápàá ṣe àbẹ̀wò sí Shrine. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tí ó wà nílẹ̀, tí àwọn ènìyàn ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, ni a tún ṣe. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Báwo ni owó àlejò ṣe ń di ọrọ̀ ìlú? Àlejò a san owó ọkọ̀, owó ibùsùn, owó oúnjẹ àti owó ìwọlé. Bí ó bá jẹ búrẹ́dì Agége, oníbúrẹ́dì a rí owó, ẹni tí ó ń kiri rẹ̀ a sì rí tirẹ̀. Bí ilé ìtura bá ń ra ata, ẹyin àti ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí ó wà nítòsí, owó náà a dé oko. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kó oúnjẹ, àga àti òṣìṣẹ́ wá láti ọ̀nà jíjìn, a ń fi ajere pọn omi ni.

Ọ̀nà sì ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, a ṣí ojú-irin tí a ń pè ní Red Line, láti Agbádó dé Oyíngbò. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò. Ó ń dúró ní Agége àti ní Ìkẹjà. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, oníṣòwò àti àlejò ni ó lè jùmọ̀ wọ̀ ọ́. Irú iṣẹ́ báyìí kì í ṣòfò, nítorí pé bí àlejò kò tilẹ̀ wá, àwọn ará ìlú yóò máa lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo apá kejì. Ní ọdún 2007, a ṣí Tinapa nítòsí Kálábá, ibi ìtajà àti ìgbafẹ́ tí a ná owó rẹpẹtẹ lé lórí. Àwọn ilé náà dára. Ṣùgbọ́n odò tí ó lọ sí èbúté Kálábá kò jìn tó fún ọkọ̀ ńlá, ọ̀rọ̀ owó orí ọjà kò sì tètè yanjú láàárín àwọn tí ó ni ibẹ̀ àti àwọn aṣọ́bodè. Àwọn oníbàárà kò pọ̀ bí a ti rò, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ sì ṣófo. A ti kọ́ ilé kí ọ̀nà tó là.

Nítorí náà, kí ìlú yòówù tó kọ̀wé sí Ìjọba, ó yẹ kí àwọn àgbà, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ìyálọ́jà jókòó pọ̀, kí wọ́n dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Ta ni yóò wá, níbo ni yóò sì ti wá?
2. Ọ̀nà wo ni yóò gbà, ṣé omi mímu àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà?
3. Ilẹ̀ ta ni a ó lò, kí sì ni a ó fi dípò fún un?
4. Kí ni àwọn ará ìlú yóò tà, iṣẹ́ wo ni àwọn ọmọ wa yóò sì ṣe níbẹ̀?
5. Lẹ́yìn ọjọ́ ìṣílé, ta ni yóò máa tún ibẹ̀ ṣe, owó wo ni yóò sì lò?

Ìlú tí ó bá lè dáhùn márààrún lè tẹ̀ síwájú. Èyí tí kò bá tíì rí ìdáhùn sí ìkẹta àti ìkarùn-ún, kí ó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ná. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé kà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà, pàápàá àwọn tí ilẹ̀ jẹ́ tiwọn.