BÍ A ṢE Ń MỌ IGI TÍ INÚ RẸ̀ TI JẸRÀ

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Òwe yìí bá igi ìgboro mu gidigidi. Ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò, ilé ti gba ibi tí oko wà tẹ́lẹ̀. Àwọn igi máńgòrò, igi fúrúùtù àti dóńgóyárò tí ó ṣẹ́kù dúró láàárín òrùlé, ọ̀nà ọkọ̀ àti wáyà iná. Abẹ́ wọn ni àwọn ọlọ́jà ń pàtẹ sí. Abẹ́ wọn náà ni àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Bí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò bá wó ọ̀kan, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá torí ìbẹ̀rù gé gbogbo wọn, ibòòji àti èso yóò di àwátì. Nítorí náà, ó yẹ kí a lè mọ èyí tí ó jẹrà yàtọ̀ sí èyí tí ó le.

Kí ni ó ń mú igi jẹrà? Oríṣi olú kan ni. Irúgbìn rẹ̀, tí ó kéré ju eruku lọ, ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé: ibi tí a ti gé ẹ̀ka ní ìgékúgèé, ibi tí ọkọ̀ ti kọlu igi, tàbí gbòǹgbò tí a gé nígbà tí a ń gbẹ́ gọ́tà. Ní ọdún 1977, Alex Shigo, onímọ̀ igi ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ọgbẹ́ igi kì í jinná bí ti ènìyàn. Ńṣe ni igi ń mọ odi yí ibi tí ó bàjẹ́ ká, tí ó sì ń hu igi tuntun sí ìta. Ìdí nìyí tí igi fi lè tutù yọ̀yọ̀ lókè, kí inú rẹ̀ sì ti di kòròfo.

Ojú ni a kọ́kọ́ ń lò. Bí olú bá hù ní ìdí igi tàbí lára rẹ̀, bí èèpo bá ń ṣí, bí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ bá sán, tàbí bí igi tí ó dúró ṣánṣán tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, kí a fura.

Lẹ́yìn ojú ni etí. A ó fi òòlù onígi lu ìtì igi náà yí ká. Ẹni tí ó bá mọ ohùn ìlù mọ̀ pé igi ọmọ̀ kì í dún bí ìlù àfi ìgbà tí a bá gbẹ́ inú rẹ̀. Bákan náà, igi tí ó le yóò dún kíkankíkan. Èyí tí ó ní ihò yóò dún bòm̀bòm̀.

Ẹ̀rọ ni ó kàn. Ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ gígùn tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 3. Bí ó ti ń lu igi lọ, ó ń fa ìlà sórí ìwé: ìlà náà ń ga níbi tí igi bá le, ó sì ń lọ sílẹ̀ níbi tí ó bá jẹrà. Òmíràn ń lo ìró. A ó to àwọn agbóhùn yí igi ká, a ó sì máa kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìró ń yára kọjá nínú igi líle, ṣùgbọ́n bí ihò bá wà, yóò yí i ká, yóò sì pẹ́ kí ó tó dé òdì kejì. Kọ̀ǹpútà yóò wá ya àwòrán inú igi náà. Ti ìró ni ó yẹ kí ó ṣáájú, nítorí pé abẹ́rẹ́ lè dá odi tí igi ti mọ lu.

Ihò nìkan kò tó láti dá igi lẹ́jọ́. Ihò wà nínú ọparun, síbẹ̀ ó ń dúró. Claus Mattheck, ará Jámánì, fi ìwọ̀n kan lélẹ̀: bí a bá wọn igi láti àárín dé etí, tí apá líle tí ó kù kò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ewu ti pọ̀ sí i. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbàgbé gbòǹgbò, nítorí ìtì lè le kí gbòǹgbò ti jẹrà.

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ LASPARK ni ó ń bójú tó igi ìgboro, a sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí a tó gé igi. Ẹni tí ó bá rí olú ní ìdí igi ọjà tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, kí ó tètè sọ. Ọ̀rọ̀ tí a sọ kí ìjì tó jà ni ó ń gba ẹ̀mí là.