Ẹ̀sín A Máa Kọjá: Ohun Tí Ó Ń Fa Ìpara-ẹni àti Bí A Ṣe Lè Dènà Rẹ̀

 

Àwa Yorùbá a máa pa á lówe pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Àwọn àgbà fi í kọ́ ọmọ kí ó má baà jalè, kí ó má baà ba orúkọ ilé jẹ́. Ìkìlọ̀ ni kí ènìyàn tó ṣìṣe. Kì í ṣe ìdájọ́ lórí ẹni tí ó ti ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, tàbí ọmọ ilé-ìwé tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, lè gbọ́ ọ bí àṣẹ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a túmọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní 700,000 ènìyàn tí ń para wọn lọ́dọọdún, ó sì wà lára ohun tí ń pa àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 15 sí 29 jùlọ. Ohun kan ṣoṣo kọ́ ni ó sábà ń fà á. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó ti di àìsàn, gbèsè, ìkọ̀sílẹ̀, àìlera ọlọ́jọ́ pípẹ́, ọtí àti oògùn olóró a máa gbá jọ sórí ẹnìkan. Bí ẹni náà bá tún dá wà, ojú rẹ̀ a ṣókùnkùn, kò ní rí ọ̀nà mìíràn mọ́.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa fi àmì hàn. Ó lè sọ pé òun ti di ẹrù fún ará ilé. Ó lè máa fi ohun ìní rẹ̀ tọrẹ bí ẹni ń dágbére. Oorun àti oúnjẹ lè kọ̀ ọ́. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ro ikú. Ìbéèrè kì í ti ènìyàn sínú ikú. Ẹrù ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ má pè é ní olórí burúkú. Oògùn kòkòrò tí a ń fín sí kòkó, ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó, nítorí èrò náà a máa gbóná fún ìgbà díẹ̀, a sì máa rọlẹ̀ bí àyè bá wà.

Òfin tí ìjọba amúnisìn fi lélẹ̀ fún wa, ní abala 327, ka ìgbìyànjú láti para ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n a máa mú kí ẹbí gbé ọ̀rọ̀ mì. Orílẹ̀-èdè Gánà ti pa irú òfin bẹ́ẹ̀ rẹ́ ní 2023. Aláìsàn ń fẹ́ ìtọ́jú, kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Àwa tí a ń kanlẹ̀kùn wa ní kùtùkùtù ni a sábà ń kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn sí abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Nítorí náà, bí a bá dá Ifá tí a sì rúbọ tán, kí a fúnra wa sin ẹni náà dé ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni UNIMED wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní Oǹdó.

Ẹ̀sín a máa kọjá. Ikú kì í padà. Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.